Ọ́ìlì Wo Ló Tọ́ sí Dífù Ẹ̀yìn Ọkọ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń di sípánà mú, àti ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tí ẹ kò fẹ́ kó bàjẹ́, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo irin tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Píníọ̀nù ni, gíà kékeré tó ń yí gíà ńlá. Inú dífárẹ́ńṣíà ẹ̀yìn ọkọ̀, èyí tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní dífù, ni mo ti yọ ọ́. Ẹ máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, kí ẹ sì fi èékánná ha eyín rẹ̀. Ní ìdí eyín, níbi tí nǹkan kan kì í ti kàn án, ó ṣì ń dán, ó jọ̀lọ̀ bíi ọjọ́ tó jáde nílé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí èékánná yín bá dé àárín eyín, ẹ ó rí i pé ó ń kọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹnu ayùn. Ilà wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, gbogbo wọn sì kọjú sí ọ̀nà kan náà. Ẹ tún wo àwọ̀ rẹ̀. Ó ti pọ́n, ó ti di àwọ̀ aró láwọn ibì kan. Ooru ló ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ni ọkọ̀ náà kò fi dífù rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ọ́ìlì o. Ọ́ìlì kún inú rẹ̀ dé ẹnu ihò. Ọ́ìlì tuntun ni, ó mọ́, ó sì ki dáadáa. Ohun tó pa irin yìí ni pé ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo ṣí i, torí pé ẹni náà náwó, ó tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣe gbogbo ohun tí ó mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni mo wá sọ lónìí: ohun tó wà nínú dífù ni ká wò ká tó yan ọ́ìlì, kì í ṣe bí ọ́ìlì ṣe ki tó láàárín ìka wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí dífù ń ṣe. Agbára ẹ́ńjìnì ń gba inú gíàbọ́ọ̀sì, ó ń gba pọ̀rọ̀pẹ́là, irin gígùn tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀, ó ń dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Pọ̀rọ̀pẹ́là na ara rẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, ásùlù, irin tó so mọ́ táyà méjèèjì, sì na tirẹ̀ láti ọ̀tún lọ sí òsì. Píníọ̀nù àti kíráùn, gíà ńlá tí píníọ̀nù ń yí, ló ń mú kí agbára náà ṣẹ́rí padà sí ọ̀tún àti òsì. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn gíà kéékèèké tó wà láàárín á pín in fún táyà méjèèjì. Wọ́n gbọ́dọ̀ pín in, torí pé táyà méjèèjì kì í rin ìwọ̀n ọ̀nà kan náà bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà. Ẹ jẹ́ ká ní láti àárín táyà ọ̀tún dé àárín táyà òsì jẹ́ mítà 1.5. Bí ọkọ̀ náà bá yí po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, táyà tó wà lóde á ti rìn ju ti inú lọ ní nǹkan bíi mítà 9.4. Ìbáà jẹ́ pé ó fẹ̀ yí, ìbáà jẹ́ pé ó há yí, iye yẹn náà ni. Bí kò bá sí dífù, ọ̀kan nínú wọn á máa wọ́ nílẹ̀ títí yóò fi parí kọ́nà náà.

Eré tí wọ́n ń sá níbẹ̀ náà kò kéré. Bí àyíká táyà bá jẹ́ mítà 2.1, tí ọkọ̀ sì ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, táyà yẹn ń yí ní nǹkan bíi ìgbà 790 ní ìṣẹ́jú kan. Bí kíráùn bá ní eyín 41, tí píníọ̀nù ní 10, píníọ̀nù á ti yí ju ìgbà 3,200 lọ nínú ìṣẹ́jú kan náà. Ẹ wá rántí pé ẹ́ńjìnì ní pọ́ǹpù tó ń gbé ọ́ìlì káàkiri, ó tún ní fílítà tó ń sẹ́ ìdọ̀tí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ dífù kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìdí kíráùn ló rì sínú ọ́ìlì. Bó ṣe ń yí ló ń bu ọ́ìlì gòkè, tó ń dà á sórí píníọ̀nù àti àwọn béárìn rẹ̀. Lítà 1 sí lítà 3 péré ni ọ̀pọ̀ dífù ọkọ̀ kékeré ń gbà, ìwọ̀nba yẹn náà ni wọ́n á sì máa lò fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Láyé àtijọ́, orí píníọ̀nù máa ń kọjú sí àárín gbùngbùn kíráùn. Ní nǹkan bíi ọdún 1926 ni Packard, tó ń ṣe ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé ọkọ̀ jáde tí píníọ̀nù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àárín kíráùn. Irú gíà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní hypoid. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Pọ̀rọ̀pẹ́là lè wà nísàlẹ̀ sí i, ilẹ̀ inú ọkọ̀ náà á sì wálẹ̀. Píníọ̀nù tóbi, ó sì lágbára sí i. Eyín tó pọ̀ sí i ń di ara wọn mú lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo sì dínkù. Ìdí nìyẹn tí hypoid fi wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tó ń fi táyà ẹ̀yìn rìn títí di òní.

Àǹfààní yìí ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ irin. Eyín gíà lásán ń yí gba orí ara wọn, bí àgbá ṣe ń yí lórí ilẹ̀. Eyín hypoid ń yí, ó sì tún ń wọ́ gba ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì pọ̀. Ẹ tẹ̀ wọ́n mọ́ra gidigidi. Ẹ wá máa fà wọ́n síwájú, sẹ́yìn. Ṣé ẹ ti rí i bó ṣe ń gbóná? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú eyín hypoid nìyẹn, àmọ́ agbára tó tẹ irin mọ́ irin níbẹ̀ pọ̀ débi pé ó lè fún ọ́ìlì lásán dànù kúrò láàárín wọn pátápátá. Tí ọ́ìlì bá ti yẹ̀, irin á kan irin, ooru á mú kí ojú wọn lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á sì fa ara wọn ya. Àwọn ilà tí èékánná yín kàn lẹ́ẹ̀kan, ibi tí irin ti fa irin ya ni.

Oògùn tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì ló ń gbà á là. EP (extreme pressure) ni wọ́n ń pè é, imí-ọjọ́ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sì ni pàtàkì inú rẹ̀. Níbi tí ooru àti ìtẹ̀mọ́ra bá ti pọ̀ jù, oògùn yìí á bá ojú irin ṣiṣẹ́, á sì da awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó. Awọ yẹn rọ̀ ju irin lọ. Òun ló ń ṣí dípò irin, bó bá sì ti ń ṣí ni òmíràn ń rọ́pò rẹ̀. Imí-ọjọ́ yẹn náà ló fún ọ́ìlì gíà ní òórùn líle tí kì í tètè kúrò lára aṣọ iṣẹ́ wa. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, ẹ má kórìíra òórùn yẹn. Ohun tó ń ṣọ́ irin ni ẹ ń gbóòórùn.

Nítorí náà, ọ́ìlì lè ki bí ọ̀dà, kó má sì ní oògùn tó tó. Ọ́ìlì mìíràn lè ṣàn wéréwéré lójú wa, kó sì dáàbò bo hypoid fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá fi ìka méjì yan ọ́ìlì kò lè rí oògùn tó wà nínú rẹ̀.

Bí a kò bá lè rí i, báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n? A ó ka ara ike ọ́ìlì. American Petroleum Institute, tí a mọ̀ sí API, ló pín ọ́ìlì gíà sí ipele, tí wọ́n sì fi lẹ́tà GL pẹ̀lú nọ́ńbà dá wọn mọ̀. GL-1 kò ní irú oògùn yìí rárá. GL-2 àti GL-3 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú pópó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba àkókò yín. Àwọn tí ẹ ó máa bá pàdé ni GL-4 àti GL-5. GL-4 wà fún gíà tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n, pàápàá ọ̀pọ̀ gíàbọ́ọ̀sì tí a ń fi ọwọ́ yí gíà rẹ̀. GL-5 wà fún hypoid tó ń sáré, tó ń ru ẹrù, tó sì ń gba agbára òjijì nígbà tí a bá tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀. Oògùn EP inú GL-5 tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti GL-4.

Àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ ká dúró lé lórí. Ọ̀pọ̀ ló rò pé 5 ti rọ́pò 4, pé ẹni tó bá ra GL-5 ti ra èyí tó dára jù fún gbogbo iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà fún. Gíàbọ́ọ̀sì tí a ń fi ọwọ́ yí máa ń ní àwọn òrùka idẹ tó ń jẹ́ kí gíà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Imí-ọjọ́ GL-5, pàápàá nínú àwọn ọ́ìlì àtijọ́, lè máa jẹ idẹ yẹn, ó sì lè mú kí òrùka náà máa yọ̀ níbi tó yẹ kó ti di nǹkan mú. Ìdàkejì rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín yìí. Ẹnìkan da GL-4 sínú dífù hypoid. Nọ́ńbà 140 ló wà lára ike náà. Wọ́n sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé ó ki, pé á pẹ́. Irin náà kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé API kì í fọwọ́ sí ọ́ìlì gíà bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Ilé iṣẹ́ tó po ọ́ìlì gíà fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé tòun jẹ́ GL-5. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí tó lágbára sí i, kó wò ó bóyá wọ́n kọ SAE J2360, ìlànà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ tó ń jẹ́ SAE, sí ara ike náà, pé wọ́n ti tẹ́wọ́ gbà á lábẹ́ ìlànà yẹn. Inú ìlànà ọ́ìlì gíà àwọn ológun Amẹ́ríkà ni J2360 ti jáde, ó sì ń béèrè ìdánwò ju ohun tí GL-5 nìkan ń béèrè lọ. Kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì rere ló ní in, ṣùgbọ́n ọkàn mi máa ń balẹ̀ tí mo bá rí i.

Ó wá ku nọ́ńbà kejì, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀: 80W-90, 75W-90, 85W-140. Kíki ọ́ìlì nìyẹn, ìlànà SAE J306 ló sì ń dárí rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé ìwọ̀n 100°C. Kí ọ́ìlì tó lè jẹ́ 90, kíki rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 13.5 sí 18.5 cSt, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kíki ọ́ìlì. 140 wà láàárín 24 sí 32.5. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì, 110 ló ń gbé ibẹ̀. Ọdún 2005 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Kó tó dìgbà náà, gbogbo ohun tó wà láti 13.5 títí dé 24 ni wọ́n ń pè ní 90, tó fi jẹ́ pé ike méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí kíki wọn sì jìnnà síra.

Nọ́ńbà iwájú, tí W tẹ̀ lé, ti òtútù ni. 75W gbọ́dọ̀ ṣì lè ṣàn dé ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ ní -40°C, 80W ní -26°C, 85W ní -12°C. Ẹ rántí pé kíráùn ló ń bu ọ́ìlì jù sókè. Bí ọ́ìlì bá ti le nítorí òtútù, kíráùn á kàn gbẹ́ ọ̀nà kọjá láàárín rẹ̀ ni, béárìn iwájú píníọ̀nù á sì máa yí lásán títí ọ́ìlì yóò fi yọ́. Níbi tí òtútù kò ti mú rárá, 80W àti 85W kò yàtọ̀ síra tó ohun tí à ń jà lé lórí.

Ẹ má fi nọ́ńbà ọ́ìlì gíà wé ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì o. Ìwọ̀n méjèèjì yàtọ̀. Ọ́ìlì gíà 90 kò ki ju ọ́ìlì ẹ́ńjìnì 40 tàbí 50 lọ ní ti gidi tí àwọn méjèèjì bá gbóná. Mo ti rí ẹni tó ń bẹ̀rù pé 90 á ki jù fún ọkọ̀ òun, mo sì ti rí ẹni tó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sínú dífù torí pé ó rò pé nǹkan kan náà ni. Kíki rẹ̀ lè bá a mu, ṣùgbọ́n oògùn hypoid kò sí níbẹ̀.

Èwo ni ká wá dà sí i? Èyí tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ni. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn tó ṣe dífù náà mọ àlàfo tí wọ́n fi sáàárín eyín, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe fún béárìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó, ọ́ìlì kan pàtó ló sì wà lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ dífù òde òní ń béèrè 75W-85, torí pé ọ́ìlì tó ṣàn ń jẹ́ kí ọkọ̀ jẹ epo díẹ̀. Mẹkáníìkì tó rí 85, tó sọ pé ó ti fúyẹ́ jù, tó wá da 140 sí i, ti fi ẹrù kún iṣẹ́ kíráùn. Gbogbo ìgbà tí kíráùn bá ń po ọ́ìlì tó ki, agbára ń ṣòfò níbẹ̀, agbára tó ṣòfò yẹn náà ló sì ń di ooru. Ohun tí ẹ fi ń sá fún ooru á wá di ohun tó ń dá ooru sílẹ̀.

Èyí kò sọ 140 di ọ̀tá. Ọkọ̀ tó ń wọ́ tírélà, tó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù wúwo ní ìgbà ooru, nílò ọ́ìlì tí kò ní fúyẹ́ jù nígbà tí dífù bá gbóná kọjá ti ojoojúmọ́. Àwọn ìwé ọkọ̀ kan dìídì sọ pé 75W-140 ni ká lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ìwé bá sọ ọ́, ẹ lò ó láìṣiyèméjì.

Ọ́ìlì àtọwọ́dá ńkọ́, àwọn tí wọ́n kọ synthetic sí lára? Ó dára, pàápàá níbi òtútù líle tàbí lábẹ́ ẹrù, torí pé kíki rẹ̀ kì í yí padà púpọ̀ láàárín òtútù àti ooru, ó sì ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ 75W-90 jẹ́ àtọwọ́dá, ọ̀pọ̀ 80W-90 sì jẹ́ èyí tó wá láti inú epo ilẹ̀. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá gba 80W-90 lásán, tí ẹ sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, ẹ kò ṣe ohun tó burú.

Ó ku ohun kan tó lè ba gbogbo ètò yìí jẹ́. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, mo pààrọ̀ ọ́ìlì dífù ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan. GL-5 ni mo lò, 80W-90, ohun gbogbo pé lójú mi. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ni ín padà wá. Ó ní bí òun bá ń lọ tààrà kò sí wàhálà, àmọ́ bí òun bá ń rọra yí kọ́nà, ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á sì máa dún gọ̀-gọ̀-gọ̀. Mo wọnú ọkọ̀ náà, mo yí kọ́nà, mo gbọ́ ọ fúnra mi. Àyà mi já. Mo rò pé mo ti ba eyín jẹ́. Ọ̀gá mi ló pè mí lọ sábẹ́ ọkọ̀, ó nu ẹrẹ̀ kúrò lára pátákó irin kékeré tó wà lára dífù, ó ní kí n kà á. Dífù LSD ni, ìyẹn limited-slip differential.

Nínú dífù lásán, bí táyà kan bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, òun á máa yí lásán, èkejì á dúró. LSD kì í fẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọn àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn, tí wọ́n ń di ara wọn mú kí táyà méjèèjì lè máa gba agbára. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, àwọn àwo yẹn gbọ́dọ̀ lè yọ̀ lórí ara wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. GL-5 lásán kì í jẹ́ kí wọ́n yọ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n á di ara wọn mú, wọ́n á jáwọ́, wọ́n á tún di ara wọn mú. Ariwo tí mo gbọ́ nìyẹn. Oògùn kan wà fún un, friction modifier. Àwọn ọ́ìlì kan ti ní in nínú, wọ́n á sì kọ LSD tàbí limited slip sí ara ike. Àwọn mìíràn kò ní in, ẹ ní láti ra ìgò rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì dà á sí i ní ìwọ̀n tí ìwé sọ. Bí ó bá kéré, á máa gbọ̀n. Bí ó bá pọ̀ jù, àwo á máa yọ̀ jù, LSD á sì di dífù lásán. Mo da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù, mo fi èyí tó tọ́ sí i, ọ̀gá mi wá ní kí n máa wa ọkọ̀ náà yípo bíi nọ́ńbà 8 ní gbangba, kí ọ́ìlì náà lè wọ àárín àwọn àwo. Kò pẹ́ tí ariwo náà fi rọlẹ̀, tó sì dákẹ́.

Kì í ṣe gbogbo LSD ló ní àwo. Torsen, fún àpẹẹrẹ, gíà ló fi ń ṣiṣẹ́, kò sì sábà nílò friction modifier. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín, ẹ wo pátákó ara dífù tàbí kóòdù ásùlù lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ há táyà iwájú, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ẹ fi ìdúró irin tì í lábẹ́, ẹ fi gíà sí fíríì, ẹ tú búréèkì ọwọ́, kí ẹ sì yí táyà ẹ̀yìn kan. Bí èkejì bá yí sí òdìkejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dífù lásán. Bí ó bá yí sí ibi kan náà pẹ̀lú rẹ̀, LSD ni tàbí èyí tó ń ti ara rẹ̀ pa. Ẹ má gbára lé ìyẹn nìkan ṣá, torí LSD tí àwo rẹ̀ ti jẹ náà lè ṣe bíi dífù lásán.

Àwọn dífù kan tún wà tí kò fẹ́ GL-5 rárá. Dífù ẹ̀yìn àwọn Honda CR-V tó ní pọ́ńpù méjì nínú, omi tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni Honda ṣe fún un. Ẹni tó da 80W-90 sí i yóò gbọ́ ìró nígbà tó bá ń yí kọ́nà, ó sì lè ba àwo inú rẹ̀ jẹ́. Irú èyí ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ìwé ọkọ̀ ju ìrírí lọ, bó ti wù kí ìrírí náà pẹ́ tó.

Nípa iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì òkè, tí a ń gbà da ọ́ìlì sí i, kí ẹ tó tú ti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ti da ọ́ìlì nù tán kí ẹ tó mọ̀ pé nọ́ọ̀tì òkè ti dípẹtà, ọkọ̀ ò ní lè kúrò níbẹ̀. Ẹ wo irin òòfà tó wà lára nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú tó kúnná bí àtíkè kì í ṣe wàhálà, èékú irin tí ẹ lè fi ìka mú ni wàhálà. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí dífù tó gbóná bá bọ́ sínú odò. Ó á tutù lójijì, á sì fa omi wọlé láti ihò èémí tàbí ẹ̀gbẹ́ síìlì. Ẹ nu ihò èémí yẹn mọ́. Tó bá dí, afẹ́fẹ́ tó gbóná á máa ti ọ́ìlì gba ojú síìlì jáde, ẹ ó sì máa pààrọ̀ síìlì tí kò ní ẹ̀bi. Orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni kí ọkọ̀ wà nígbà tí ẹ bá ń da tuntun sí i. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ dífù, tí ọ́ìlì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro jáde ní ẹnu ihò òkè, ó ti tó.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, àwọn ènìyàn béèrè ìbéèrè. Mo kọ mẹ́ta sílẹ̀ níbí.

Bàbá kan ní dífù òun ti ń sunkún láti bí oṣù méjì, wọ́n sì ti sọ fún òun pé kí òun da ọ́ìlì tó ki jù sí i. Mo ní: Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ọ́ìlì kíki lè bo ohùn náà mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń fa ohùn ṣì wà níbẹ̀, ó ń jẹ irin lọ. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ tọ́rótù tàbí tí ẹ bá jáwọ́ níbẹ̀ nìkan ló ń sunkún, ẹ fura sí eyín kíráùn àti píníọ̀nù. Tó bá ń kùn lọ láìdúró, tó ń ga bí eré bá ṣe ń ga, ẹ fura sí béárìn. Béárìn tí a tètè pààrọ̀ lè gba eyín là.

Arábìnrin kan béèrè bóyá òun lè fi àwọ̀ tàbí òórùn dá GL-5 mọ̀ yàtọ̀ sí GL-4. Kò ṣeé ṣe, ará mi. Méjèèjì ló ní imí-ọjọ́, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè fi àwọ̀ tó wù ú sí tirẹ̀. Ara ike nìkan ni ẹ ti lè kà á, ẹ má sì gba ọ́ìlì tí wọ́n ti bù sínú ike mìíràn.

Ọmọṣẹ́ kan ló béèrè èyí tó kẹ́yìn, ìbéèrè rẹ̀ sì dùn mọ́ mi nínú. Ó ní bí ẹnìkan bá ra ọkọ̀ àlòkù, tí kò sì mọ ọ́ìlì tí ẹni àkọ́kọ́ lò, ṣé kó kàn fi GL-5 díẹ̀ kún un ni? Mo ní rárá, ọmọ mi. Da gbogbo rẹ̀ nù nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ìdọ̀tí lè bá a jáde. Ka pátákó ara dífù kí o mọ̀ bóyá LSD ni. Ka ìwé ọkọ̀. Da èyí tó tọ́ sí i, kí o sì kọ ọjọ́ náà, nọ́ńbà kìlómítà àti orúkọ ọ́ìlì náà sórí ìwé pélébé, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí ẹni tí yóò ṣí dífù yẹn lẹ́yìn rẹ lè má mọ̀ ọ́ rí. Èyí tí o dà nù, tọ́jú rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí, kí o gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ọ́ìlì àlòkù. Má dà á sílẹ̀.